Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ PG School: Ẹ Dá Orúkọ Àwọn Àgbà Padà Sínú Àtòjọ Ìtọ́kasí

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì wa,

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú làálàá ọmọ ọlọ́mọ.

Sákúlà tí ẹ fi síta nípa bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ ìtọ́kasí ló mú mi kọ̀wé. Ẹnu géètì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí a ti ń tẹ tísíìsì, tí a ti ń tò ó, tí a ti ń dì í. Ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé ni mo kà kí n tó ra kọ̀ǹpútà. Bí sákúlà yín bá ṣe ń da àwọn ọmọ rú tó ni owó ṣe ń wọlé fún mi tó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé àpò ara mi ni mo ń jà fún.

Ẹ ní kí wọ́n yọ àmì ohùn kúrò lára orúkọ àti àkọlé. Ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn àgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kúrò nínú àtòjọ. Ẹ ní kí wọ́n dá iṣẹ́ padà fún ẹni tí kọ́mà rẹ̀ bá ṣì. Ṣùgbọ́n pé kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé tí ọmọ náà tọ́ka sí tiẹ̀ wà láyé, ẹ ò sọ ìyẹn.

1. APA wo lẹ ń wí?

Sákúlà náà kàn ní kí gbogbo ẹ̀ka máa lo APA, ìlànà ìtọ́kasí ti American Psychological Association. Kò sọ ẹ̀dà wo. Ẹ̀dà kẹfà jáde ní 2009, ẹ̀dà keje jáde ní ìparí 2019, àwọn méjèèjì kò sì jọra. Nínú àpẹẹrẹ tí ẹ tò sísàlẹ̀, ọ̀kan gbé orúkọ ìlú ṣáájú orúkọ atẹ̀wé, bí ẹ̀dà kẹfà ṣe ń ṣe é. Òmíràn lo "et al." (ìyẹn "àti àwọn yòókù") fún iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́ta kọ, láti ìgbà àkọ́kọ́ tó dárúkọ wọn. Ẹ̀dà keje ló fàyè gba ìyẹn. Ẹ̀dà kẹfà fẹ́ kí a kọ́kọ́ dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná. Ẹ wá wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ báyìí:

Abímbọ́lá, W. (1976). *Ifá: An exposition of Ifá literary corpus*. Oxford University Press.

Òṣìṣẹ́ yín kan fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ìlú dà?" Ọmọ náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, a fi "Ibadan, Nigeria:" sí i, a ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìwé tó kù nínú àtòjọ náà, a tún un tẹ̀, ó tún gbé e lọ. Ẹlòmíràn ló bá nídìí tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn fa igi lé "Ibadan, Nigeria" lórí, ó kọ "APA 7" sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì ló tọ̀nà, kálukú pẹ̀lú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ló sanwó bébà.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà APA jáde nínú jọ́nà *Psychological Bulletin* ní 1929, ojú ewé méje péré ni. Lónìí ó ti lé ní 400. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìhùwàsí ọmọ ènìyàn ló ṣe é fún jọ́nà tiwọn, kí iṣẹ́ olóòtú lè fúyẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní MLA, tó tẹ ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1951. Ọ̀pọ̀ òpìtàn fẹ́ràn ti Chicago, tó ti wà láti 1906. Àwọn oníṣègùn ń lo Vancouver, nítorí ìlú Vancouver ní Kánádà ni àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ti pàdé ní 1978. Kálukú ló ní ìdí tó fi yan tirẹ̀. Ẹ̀ka tó ń kọ́ ọmọ ní oríkì àti ìjálá, kò sẹ́ni tó bi í léèrè èwo ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu kí ẹ tó fi òǹtẹ̀ lu sákúlà yín.

Nínú sákúlà náà kan náà, ẹ ní ẹni tó bá gba àṣẹ lè lo Harvard "bí Yunifásítì Harvard ṣe là á sílẹ̀". Ẹ̀yin àgbà mi, Harvard kò la nǹkan kan sílẹ̀. Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko níbẹ̀, ló kọ iṣẹ́ kan ní 1881 lórí ìgbín tí kò ní ìkarahun, tó fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́. Àwọn ẹlòmíràn rí i, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí èèyàn lè ṣí láti mọ̀ bóyá Harvard tòun pé. Ìdí nìyẹn tí Harvard ti yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í bá ti èkejì mu délẹ̀délẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè: kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sínú sákúlà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ìlànà tirẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò sì jókòó ti ìwé kan náà.

2. Àmì ohùn kò ba kọ̀ǹpútà jẹ́

Ẹ ní kí a yọ àmì òkè àti ti abẹ́ lẹ́tà "kí ẹ̀rọ má bàa kọ̀ ọ́". Ẹni tó sọ èyí fún yín kò bi onímọ̀ kọ̀ǹpútà léèrè. Ó ti pẹ́ tí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ti ṣètò ẹ, ọ àti ṣ. Wàhálà kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ rò. Lẹ́tà bí ẹ́ lè gba ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó gbé àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí i lábẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ó lè di nǹkan méjì. Ẹ wá "Ẹ̀gbádò" nínú fáìlì tí ẹlòmíràn tẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ lè ní kò sí níbẹ̀ nígbà tí ojú yín ń rí i kedere. Ètò tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan wà, NFC ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó ń tọ́jú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé yín. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ ṣe. Ẹ̀yin wá sọ orúkọ àwọn èèyàn di ìhòòhò nítorí iṣẹ́ tí ẹnì kan lè fi ọ̀sán kan parí.

APA tí ẹ gbé lé orí gan-an ní kí a kọ orúkọ òǹkọ̀wé bó ṣe wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní kí a fá a lórí. Mo ń rí tísíìsì tí wọ́n fi Yorùbá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àmì pé sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àtòjọ ìtọ́kasí rẹ̀ wá dà bíi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ló kọ ọ́. Sákúlà yín ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ tún wà níbẹ̀. APA fẹ́ kí a gé orúkọ àbísọ sí lẹ́tà kan. Níbi tí wọ́n ti ṣe ìlànà yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ dá ìṣòro sílẹ̀. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká ka orúkọ tó fi O bẹ̀rẹ̀: Olú, Oyè, Ògún, Òjó, Odù. Ẹ tún ka ti Ọ: Ọlá, Ọmọ, Ọ̀ṣun, Ọba, Ọdẹ. Ẹ ti ní ká yọ àmì abẹ́ lẹ́tà, àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan. "Adeyemi, O. A." lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ìyàwó tó fẹ́ wọ ilé náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò bá wọn tan rárá. Bí ẹ bá rò pé mo ń ṣàsọdùn, ẹ wo orúkọ àwọn olùkọ́ tó wà lára ògiri ẹ̀ka yín.

MLA máa ń kọ orúkọ àbísọ ní kíkún. Kò sì sí ohun tó ní kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀ fún òǹkọ̀wé Yorùbá. Ẹ tún sọ fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yín kí wọ́n gba nọ́ńbà ORCID. Láti 2012 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń jẹ́ kí a mọ Adéyẹmí tibí yàtọ̀ sí tọ̀hún.

Ẹ jọ̀wọ́, nínú tísíìsì tí wọ́n fi Yorùbá kọ, ẹ jẹ́ kí Ọ tẹ̀lé O, kí Ṣ tẹ̀lé S, kí Gb tẹ̀lé G. Word kì í tò ó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń tò ó. Wọ́n ti dá ọ̀kan padà fún mi pé mi ò mọ ábídí.

3. Ẹni tó sọ̀rọ̀ dà?

Èyí ló dùn mí jù.

Ní 1951, Sàlàkọ́, awo kan ní Ọ̀yọ́, jókòó, ó kì ẹsẹ ẹ́rìndínlógún, ìyẹn ti owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń dífá, fún William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Bascom gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1980, Indiana University Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Apá tó pọ̀ jù nínú ìwé náà, ohun tí Sàlàkọ́ kì ni. Bascom kò fi í pamọ́ o, ó dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àtòjọ tí mo ń tẹ̀, "Bascom (1980)" ló máa ń wà níbẹ̀. Èmi kò tíì tẹ ibi tí Sàlàkọ́ ti ní ìlà tirẹ̀. Ìlànà kò fún un láàyè, ẹni tó di kálámù mú ló ni ọ̀rọ̀.

Sákúlà yín wá fẹ́ kí ọmọ tiwa náà máa ṣe ohun kan náà sí àgbà tiwa. Ẹ ní ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ lẹ́nu ènìyàn, "personal communication" ni, kí ó wà nínú àkámọ́ láàárín iṣẹ́, kí ó má dé àtòjọ rárá. Lóòótọ́, bí APA ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìdí wọn kò sì burú: òǹkàwé kò lè lọ yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wò. Ó dára fún ìmeèlì tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì fi ránṣẹ́ síra wọn. Ṣé ọ̀kan náà ni ìyẹn àti ọ̀rọ̀ ìyá tó ti ń po àgbo ọmọ kí wọ́n tó bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò?

Ọmọ kan tó kọ iṣẹ́ lórí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àgbo ọmọ wẹ́wẹ́ gbé tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ẹ dá a padà. Ó ti to àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ rẹ̀ sínú àtòjọ dáadáa: orúkọ, ọjà tí wọ́n ti ń tajà, ewé tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé, ọjọ́. Bírò pupa fa igi lé gbogbo wọn. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àtòjọ ni àwọn òǹkọ̀wé tó ti lọ bi irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ léèrè ṣáájú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, nítorí ọmọ náà fẹ́ gboyè. Ohùn àwọn ìyá náà wà nínú fóònù rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló fẹ́ kó o sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn APA, ẹ wo ẹ̀dà keje dáadáa. Ó ní apá kan fún ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní Kánádà, Lorisia MacLeod, tó ti inú ẹ̀yà Cree wá, àti àwọn tó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ìbílẹ̀ ní NorQuest College ní Edmonton, ṣe àpẹẹrẹ ìtọ́kasí fún àgbà àti àwọn tó ń pa ìmọ̀ mọ́. Orúkọ àgbà náà ló ṣáájú, ẹ̀yà rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ibi tó ń gbé, ohun tó sọ̀rọ̀ lé àti ọjọ́. Inú àtòjọ ni wọ́n ń gbé e sí, láàárín àwọn ìwé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ míràn ti mú un lò, ayé ò sì bàjẹ́.

Tiwa lè rí báyìí: orúkọ, oyè bó bá ní, agboolé àti ìlú, ohun tó sọ̀rọ̀ lé, ọjọ́, ibi tí a kó ohùn rẹ̀ sí. Ẹ wo bí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe dáhùn ẹjọ́ tí APA ń rò. Bí ilé ìkàwé yín bá ń gba ohùn àti fídíò pa mọ́, òǹkàwé lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí ẹ ò gbà á ni kò ṣeé yẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò sọ pé òfin ìwádìí ní ká fi orúkọ pamọ́. Ẹni tó bá ní ká má dárúkọ òun, ká bò ó. Awo tó bá ní ibi báyìí kò yẹ fún ọ̀gbẹ̀rì, ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó wá ní ká dárúkọ òun ńkọ́? Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ìdáhùn wọn wà nínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá sínú àwọn ogún ọ̀rọ̀ ẹnu tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. PG School wa ní ẹni tó ń kì í kò tó ìlà kan nínú àtòjọ.

4. Òkú ọdún ogún

Díẹ̀ nípa ọdún. "Johnson (1921)" ni gbogbo yín ń kọ fún ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó kú ní 1901. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú ohun tó kù nílẹ̀, kó tó jáde ní 1921. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé Johnson rí ìjọba Lugard kó tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn kan sí i kí òǹkàwé lè mọ̀. Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ yín gé e kúrò, ó ní kò sí nínú àpẹẹrẹ.

Ìtàn Sẹ̀gilọlá tó jáde nínú *Akéde Èkó* láti 1929 di 1930 náà ńkọ́? Sẹ̀gilọlá ló fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló kọ ọ́. Ta ni kí ọmọ gbé síwájú? Sákúlà yín kò ní ìlà kan fún ìwé ìròyìn àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni idajì iṣẹ́ ẹ̀ka Yorùbá ti ń wá.

5. Kọ́mà pé, ìwé kò sí

Ní 2017, ọ̀jọ̀gbọ́n Anne-Wil Harzing sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí orúkọ Van der Geer àti ẹni méjì míràn wà lórí rẹ̀, tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 2000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 iṣẹ́ tó tọ́ka sí i. Iṣẹ́ náà kò sí. Jọ́nà tó ni kò sí. Àpẹẹrẹ lásán ni, inú ìlànà tí Elsevier, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, ṣe fún àwọn òǹkọ̀wé láti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìtọ́kasí ló ti jáde. Àmì rẹ̀ pé pérépéré, abájọ tí kò fi sẹ́ni tó fura.

Ìgbà ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, wá dé. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn lọ́yà kan san 5,000 dọ́là nínú ẹjọ́ Mata àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca, nítorí wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hun jáde láti inú afẹ́fẹ́.

Irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa ń mọ̀ ọ́n nítorí ó mọ́ jù. Àkámọ́ pé, ítálíìkì pé, DOI, nọ́ńbà tó ń gbéni lọ síbi tí iṣẹ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà nídìí rẹ̀. Mo lẹ DOI náà mọ́ doi.org, ó gbé mi lọ sórí iṣẹ́ nípa ẹja nígbà tí àkọlé ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, tàbí kó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo fi han ọmọ náà, ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀, ó gbé e lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà mo rí òǹtẹ̀ yín lórí rẹ̀. Ẹni tó fi Ibadan sí ibi tí kò yẹ ni ẹ lé padà.

Ẹ yí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín padà. Kí wọ́n fọwọ́ mú ìtọ́kasí mẹ́wàá nínú àtòjọ láìyàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé náà tàbí ojú ewé rẹ̀ hàn wọ́n. Kọ́mà tó bá ṣì, kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù sáà kan.

6. Zotero kì í ṣe màgòmágó

Ẹ fòfin de "ẹ̀rọ tó ń bá ni kọ ìtọ́kasí". Zotero ti wà láti 2006, Yunifásítì George Mason ló ti jáde, ọ̀fẹ́ ni. Kì í hun ìwé jáde bíi ChatGPT. Ohun tí ẹ bá kó fún un ló ń tò, bó sì ṣe ń yí àtòjọ láti ẹ̀dà kẹfà sí ìkeje kò ju kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìlò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé. Èmi ni màá pàdánù oníbàárà.

Àwọn tí ẹ ti dá iṣẹ́ wọn padà nítorí orúkọ ìlú, nítorí àmì ohùn, tàbí nítorí pé wọ́n dárúkọ àgbà, ẹ gba iṣẹ́ wọn wọlé kí wọ́n tó pa àtòjọ àwọn tó máa gboyè lọ́dún yìí dé. Owó àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ dá a padà. Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìtọ́kasí fún àgbà, fún ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti fún ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́, ojú ewé mẹ́ta ni. Bí ẹ bá ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé ẹnu géètì